Oko Tí Alága Dá Sórí Afẹ́fẹ́

Ẹ má bi mí pé káńsù wo ni. Kòsọ́fẹ́ fẹ̀, káńsù inú rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan, ẹni tó bá sì dá ilé tí mo ń júwe mọ̀, kó yáa ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ohun tí mo lè sọ láìfòyà ni pé alága kan wà níbẹ̀ nígbà tí Fesibúùkù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná l'Ékòó, nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń tò sẹ́nu ọ̀nà káfè ní Kétu kí wọ́n tó rí íńtánẹ́ẹ̀tì lò. Jeffrey Adédiwúrà lorúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ lójú ara rẹ̀ o. Bí ẹ bá pè é ní Jeffrey, kò ní gbọ́. Bí ẹ bá pè é ní Alága, á gbọ́, kò kàn ní dáhùn ni. Àfi bí ẹ bá pè é ní Ọnárébù Dókítà Jeffrey Adédiwúrà, Ìmọ́lẹ̀ Kòsọ́fẹ́, Atúnlùúṣe Àkọ́kọ́, ìgbà yẹn ni yóò gbé ojú sókè díẹ̀, tí yóò ní, "Ta ló ń pè mí?"

Oyè dókítà yẹn, yunifásítì kan tí ẹnikẹ́ni kò tí ì rí géètì rẹ̀ ló fi dá a lọ́lá. Ìmọ́lẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló fi dá ara rẹ̀ lọ́lá.

Kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn kí a tó máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kò lu ẹnikẹ́ni rí, kò sì jí nǹkan débi tí wọ́n á fi yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: ìyìn ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tí ì yìn ín, orí á máa fọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tó fi gba Bánjí síṣẹ́. Bánjí ni pìéè rẹ̀, olùrànlọ́wọ́ tó ń tẹ̀ lé e kiri, ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún, tí kò mọ̀wé púpọ̀, tí kò mọ̀rọ̀ ìjọba, ṣùgbọ́n tó mọ èèyàn pọ́n lé. Bí Ọnárébù bá sín, Bánjí á ní, "Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n sín, sà!" Ọnárébù á sì mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní ọdún tí mo ń wí yìí, ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ Ọnárébù lọ́kàn, ohun náà ni tíkẹ́ẹ̀tì. Sáà rẹ̀ ti ń parí lọ, ó sì fẹ́ kí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ fà á kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ọwọ́ Bàbá Sàká ni tíkẹ́ẹ̀tì wà. Bàbá Sàká ni aṣáájú ẹgbẹ́ ní gbogbo agbègbè náà, arúgbó tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mi orí sí ti wọlé ìbò kí ìlú tó dìbò. Bàbá sì ti sọ ọ́ ní ìpàdé pé, "Alága tí kò bá lè fi iṣẹ́ hàn mí, kó má wulẹ̀ wá fi oríkì hàn mí."

Ọnárébù bá gbéra, ó lọ wá iṣẹ́ ní Dubai.

Ṣèmínà ni wọ́n pè é. Ó fi púpọ̀ nínú rẹ̀ sùn, ṣùgbọ́n ìgbà kan tó tají, ó gbọ́ tí òyìnbó kan ń sọ pé ìjọba tó bá gbọ́n kò ní jẹ́ kí ará ìlú máa rìn wá bá òun mọ́, òun ni yóò lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń bára wọn ṣọ̀rẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọnárébù kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Ó tún sùn padà.

Ọjọ́ tó fi ètò náà lọ́lẹ̀, gbọ̀ngán káńsù kún. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà tuntun sórí tábìlì, wọ́n fi ríbọ́ńnì pupa dì í yí ká bí ìyàwó tó ń lọ ilé ọkọ. Ọnárébù dìde, ó tún agbádá gbé sí èjìká, ó ní:

"Ẹ̀yin èèyàn mi àtàtà! Ìyà ti parí! Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò ní wọ mọ́tò wá ráhùn níbí mọ́! Gọ́tà yín dí? Fesibúùkù! Ẹ ń wá lẹ́tà ọmọ ìbílẹ̀? Fesibúùkù! Ìyàwó yín bímọ, ẹ fẹ́ gba ìwé ọjọ́ ìbí? Kí ọmọ náà tó ké ẹkún àkọ́kọ́ tán, mo ti fọwọ́ sí i! Ìjọba mi yóò máa wọlé wá bá yín nínú yàrá!"

"Kí ni ìjọba ń wá ní yàrá?" Bàbá àgbàlagbà kan ló bi ẹnì kejì rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn.

Wọ́n gbé sísọ́ọ̀sì lé Ọnárébù lọ́wọ́. Ó gé ríbọ́ńnì náà pẹ̀lú agbára tó fi gé okùn máòsì mọ́ ọn. Bánjí nìkan ló pàtẹ́wọ́. "Wayalẹ́ẹ̀sì, sà!" ló ké. "Ọnárébù ti sọ ọ́ di wayalẹ́ẹ̀sì!" Àwọn èèyàn bá pàtẹ́wọ́ kíkankíkan.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó wá ṣètò ojú ìwé náà béèrè bóyá orúkọ káńsù ni kí òun fi sí i. Ọnárébù bú sẹ́rìn-ín. "Orúkọ káńsù kẹ̀? Ṣé káńsù ló lọ sí Dubai?" Orúkọ ara rẹ̀ ni wọ́n fi sí i, àwòrán ara rẹ̀ ni wọ́n gbé síbẹ̀, ó ń tọ́ka sí ibì kan lókè tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n fi pákó kan fèrèsé tí ará ìlú ti máa ń ráhùn ní káńsù pa. Akọ̀wé tó máa ń jókòó nídìí fèrèsé náà, wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ka ajá.

Bánjí náà wá gbé òfin tirẹ̀ kalẹ̀, pé ẹni tí kò bá kọ́kọ́ kí Ọnárébù dáadáa, òun kò ní ka ẹjọ́ rẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé Yorùbá ni wá. Ẹ sọ pé kí a kí èèyàn, ẹ ti débẹ̀. Kò pẹ́ tí ìkíni fi bo ojú ìwé náà. Àwọn kọńtírakítọ̀ ń kí Ọnárébù kú àárọ̀, wọ́n ń kí i kú òjò, wọ́n ń kí i kú ìrọ̀rùn. Ọ̀kan kí i kú ìmísí. Ẹni tó bá ní gọ́tà láti ráhùn lé lórí, àfi kó wá ẹjọ́ rẹ̀ lábẹ́ ìkíni bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú koríko.

Ẹnì kan sì wà tó ní gọ́tà. Misis Judith Oyèṣọlá ni, obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ tó dá ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀ ní àdúgbò kan nítòsí Ìkòsì. Káńsù ló gbẹ́ gọ́tà ńlá kan sáàárín títì àti géètì ilé ìwé rẹ̀, wọ́n sì fi sìlábù bò ó kí àwọn ọmọ lè máa kọjá. Òjò ọdún náà ti já sìlábù. Láràárọ̀, Misis Oyèṣọlá á ká aṣọ sókè, á wọ inú omi, á máa gbé àwọn ọmọ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lọ sí káńsù, ó bá pákó lójú fèrèsé. Wọ́n ní kó lọ sí Fesibúùkù. Ó lọ sí káfè, ó kọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ síbẹ̀, kò sí èsì. Ìgbà tí yóò fi padà sí káfè lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀rọ̀ ti kọjá ìráhùn lásán. Ohun tó kọ nìyí:

"Mo kí Ọnárébù Dókítà, Ìmọ́lẹ̀ Kòsọ́fẹ́. Ọmọ wa kan, Ìdùnnú, ọmọ ọdún mẹ́rin, jìn sínú gọ́tà láàárọ̀ yìí kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ yín, sìlábù."

Bánjí dá a lóhùn kíákíá: "Ọnárébù wà nínú ìpàdé pàtàkì lórí ọ̀rọ̀ yín. Ẹ máa bá wa yọ̀."

Ìpàdé wo ni? Ẹ sún mọ́ mi.

Ọmọ Ọnárébù, Jessica, wà ní yunifásítì ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun ló fi eré kan ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ lórí Fesibúùkù. Eré oko ni. Èèyàn á ro ilẹ̀ kékeré kan nínú kọ̀ǹpútà, á gbin nǹkan sí i, á dúró kó so, á kórè, wọ́n á sì san owó kan fún un tí kò lè ra gààrí kọ́ọ̀bù kan. Ogúdù GRA ni Ọnárébù ń gbé, kò fọwọ́ kan ọkọ́ rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí tòmátì àkọ́kọ́ pọ́n lójú rẹ̀, ó dìde lórí àga, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Nǹkan kan ti hù nítorí pé òun gbìn ín! Láti ìgbà náà, bó bá ti dé ọ́fíìsì, á tilẹ̀kùn. Bánjí á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá dé pé Ọnárébù wà nínú ìpàdé.

Eré náà ní ìwà kan. Bí èèyàn bá ti kórè, á rọra bi í pé, ṣé kí òun kéde rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀? Ẹ sọ fún mi, ta ló bi Ọnárébù Adédiwúrà rí pé ṣé kí òun kéde rẹ̀, tó ní rárá? Bẹ́ẹ̀ ni ló ń tẹ̀. Ó rò pé inú eré náà ni ìkéde ń lọ. Kò mọ̀ pé ojú ìwé tí gbogbo ìlú ti ń wá ìjọba ló ń bọ́ sí, nítorí orúkọ ara rẹ̀ ni wọ́n fi sí i. Òun kì í kà á fúnra rẹ̀, Bánjí ló ń kà á fún un, ìyìn nìkan ni Bánjí sì máa ń kà.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé, láàárín ẹni tó ń wá lẹ́tà ọmọ ìbílẹ̀ àti ẹni tí gọ́tà rẹ̀ dí, ìlú ń rí i pé Jeffrey ti kórè tòmátì. Jeffrey ti gbin ẹ̀wà. Jeffrey rí ọmọ màlúù kan tó sọnù, ó ń sunkún, ta ni yóò gbà á sílé?

Bánjí rí i, kò yé e. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé ìyìn kì í bọ́ sódì. "Ẹ kú oko, sà!" ló kọ sí i. Àwọn kọńtírakítọ̀ rí ohun tí Bánjí kọ, àwọn náà bá kọ tiwọn: Àgbẹ̀ olóyè! Ọwọ́ yín á máa ro! Ẹnì kan ní òun ti ṣetán láti gba ọmọ màlúù náà, pé òun ní àyè ní ẹ̀yìnkùlé.

Òjò ọdún yẹn ba ọ̀nà jẹ́ láti òkè ọya wá. Tírélà tòmátì kò wọ ọjà Mile 12 déédéé mọ́, èyí tó bá sì wọ̀ ọ́, ìdajì ẹrù rẹ̀ ti rà. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí ìròyìn dé etí Alhaji Yúnúsà pé alága káńsù ń kórè tòmátì lọ́jọ́ méjì méjì. Alhaji Yúnúsà ni olórí àwọn tó ń já ẹrù tòmátì sílẹ̀ nínú ọjà náà. Kétu ni wọ́n ti bí i, Yorùbá ẹnu rẹ̀ dára ju ti ẹlòmíì tó ní ilé bàbá ní Ìkòròdú lọ. Ó gbà á gbọ́. Kí ló dé tí kò ní gbà á gbọ́? Ìgbà wo ni ẹni ńlá kì í ní oko? Àṣà ọjà wọn sì ni pé, ẹni tó bá ní tòmátì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, àwọn àgbà ọjà á lọ kí i, wọ́n á gbé apẹ̀rẹ̀ tuntun lọ fún un, kí ẹrù rẹ̀ lè gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Wọ́n bá gbé apẹ̀rẹ̀, ó di káńsù.

Ọjọ́ tí wọ́n lọ yìí gan-an ni Bàbá Sàká wá béèrè iṣẹ́.

Ọnárébù ti ń fi kọ̀ǹpútà hàn án. "Ẹ wò ó, Bàbá, ọ̀rẹ́ mi ti ń lọ sí ẹgbẹ̀rún márùn-ún lórí ibí yìí."

"Jeffrey," Bàbá dáhùn, "mo gba Ìkòsì wá. Ọ̀rẹ́ ò kúkú ṣeé tò sórí gọ́tà."

Kí Ọnárébù tó rí èsì, Alhaji Yúnúsà àti àwọn àgbà ọjà ti wọlé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí.

"Ọnárébù, ẹ kú oko o," Alhaji wí, ó tẹríba. "A gbọ́ pé tòmátì yín ń pọ́n nígbà tí ti gbogbo ayé ń rà. A ò bá ìjà wá o. A ní ká wá kí yín ni, ká sì béèrè ibi tí ẹrù náà ń gbà kọjá, tí a ò fi rí i."

Òógùn bo Ọnárébù lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Bó bá ní eré ni, Bàbá á bi í pé ìgbà wo ló ń ṣe é. Ó wo Bánjí. Bánjí ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń kan sáárá sí i. Ọnárébù bá la ẹnu.

"Oko... oko kékeré kan ni."

"Kékeré kẹ̀? Lọ́jọ́ méjì méjì? Níbo ló wà, sà?"

"Ní... ní òdìkejì omi. Ní Agboyi."

Bàbá Sàká rọra dìde. Ẹ̀rín tí ẹnikẹ́ni kò rí lójú rẹ̀ rí ló wà níbẹ̀. "Àgbẹ̀ ni bàbá mi," ó wí. "Mo ti ń wá olóṣèlú kan tó mọ bí ilẹ̀ ṣe rí. Jeffrey, ìwọ lo ní oko, o ò sọ fún mi? Ní Ọjọ́bọ̀, a ó lọ wò ó. Kí ẹ pe àwọn oníròyìn. Bí mo bá fojú ara mi rí oko yìí, ohun tí mo máa sọ níbẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ ló máa gbọ́ ọ."

Ohun tí Ọnárébù gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni tíkẹ́ẹ̀tì. Kò gbọ́ nǹkan mìíràn.

Nílé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, Catherine. Báńkì ni Catherine ń bá ṣiṣẹ́, ó sì jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ní gbogbo Kòsọ́fẹ́ tó ń pè é ní Jeff.

"Jeff, lọ sọ fún Daddy Sàká pé game ni. Òtítọ́ ò ní pa ẹ́, ó kàn máa tì ẹ́ lójú ni."

"Kí ló tún wá burú ju ìyẹn lọ?" Ọnárébù bi í. Ó bi í tọkàntọkàn.

Bánjí ló gbé ọgbọ́n dé. Ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ apẹja kan ní Agboyi, ní òdìkejì omi. Ewúro ló kún ibẹ̀. "Ewé ni ewé, sà," Bánjí wí. "Ohun tó ń so lórí ẹ̀ ni wọ́n máa wò." Wọn ò lè ra tòmátì ní Mile 12, kí Alhaji má bàa dá ẹrù ara rẹ̀ mọ̀. Ìbàdàn ni wọ́n lọ rà á. Bánjí àti àwọn dírẹ́bà káńsù wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú òjò, wọ́n ń fi òwú dúdú so tòmátì mọ́ igi ewúro lọ́kọ̀ọ̀kan. Dírẹ́bà kan béèrè bóyá iṣẹ́ ìjọba nìyí. Bánjí ní òun gan-an ni.

Ọjọ́bọ̀ dé. Ọkọ̀ ojú omi tó gbé wọn kọjá tò lẹ́sẹẹsẹ: Bàbá Sàká àti àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́, oníròyìn pẹ̀lú kámẹ́rà, Alhaji Yúnúsà àti àwọn àgbà ọjà. Bánjí ti kéde rẹ̀ lórí Fesibúùkù pé kí gbogbo ọ̀rẹ́ Ọnárébù wá. Misis Oyèṣọlá kà á. Ó ní, ó dára, bóyá lórí ilẹ̀ lásán ni wọ́n á ti gbọ́ ohùn òun. Òun náà wọ ọkọ̀.

Ọnárébù ti múra bí àgbẹ̀, bí ẹni tí kò rí àgbẹ̀ rí ṣe lè múra. Bàtà rọ́bà rẹ̀ ń dán. Ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ti lọ̀ ọ́, ó sì lójú ìlà. Ó gbé ọkọ́ sí èjìká, àmì ilé ìtajà ṣì rọ̀ dirodiro lára ọkọ́ náà.

"Ẹ̀yin èèyàn mi!" ó bẹ̀rẹ̀. "Bí mo bá jí láàárọ̀, n kì í kọ́kọ́ kí ìyàwó mi. Ilẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ kí! Mo máa ní, ìwọ ilẹ̀, kí ni Kòsọ́fẹ́ máa jẹ lónìí? Ilẹ̀ á sì dá mi lóhùn pé, tòmátì!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Alhaji Yúnúsà ti já ewé kan, ó fi sẹ́nu, ó jẹ ẹ́. Ó wo àwọn àgbà ọjà. Àwọn àgbà ọjà wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọlúwàbí kì í dójú ti onílé níwájú àlejò.

"Ọnárébù," Alhaji wí pẹ̀lẹ́, "ilẹ̀ yín yìí lágbára. Ọlọ́run nìkan ló lè pàṣẹ fún ewúro kó so tòmátì."

"Ó ṣeun, ó ṣeun," Ọnárébù dáhùn, ó gbọ́n agbádá tí kò wọ̀.

Bàbá Sàká kò rí òwú. Pupa tó wà nínú ewé nìkan ló rí, omi sì ti dé ojú rẹ̀. Ó gbé ọ̀pá sókè láti sọ̀rọ̀.

"Mo ní kí Jeffrey fi iṣẹ́ hàn mí. Ó ti fi hàn mí. Ẹni tó lè mú tòmátì jáde lásìkò òjò báyìí, bí a bá tún fi í sí ọ́fíìsì, a fi í ṣòfò ni. Ọmọ mi, a tú ẹ sílẹ̀! Lọ gbájú mọ́ oko ẹ. Fáṣínà igbákejì ẹ ni yóò gbé tíkẹ́ẹ̀tì."

Bánjí ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Kò ronú sí i, ọwọ́ rẹ̀ ló ti mọ́ ọn lára.

"Bàbá, rárá!" Ọnárébù ké. "Kì í ṣe oko!"

"Ẹ ò rí i pé ó tún nírẹ̀lẹ̀," Bàbá wí.

"Bàbá, eré ni! Inú kọ̀ǹpútà ni oko wà! Ẹ wò ó!" Ó já tòmátì kan, ó gbé e sókè síwájú kámẹ́rà, òwú dúdú gùn gbọọrọ lára rẹ̀. "Òwú ni! Ẹ wò ó, òwú! Ewúro nìyí! Èmi ò dáko rí láyé mi!"

Ẹ ti rí olè tó ń bá ọlọ́pàá wá ẹ̀rí bí? Ọnárébù ń já tòmátì, ó ń jù ú sílẹ̀, ó ń fi òwú han ẹni gbogbo, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbà pé irọ́ lòun pa.

Bàbá Sàká dúró títí tí ariwo fi rọlẹ̀. "Ìgbà wo lo ń ṣe eré náà?"

Ọnárébù wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ní ọ́fíìsì ni, sà."

Ìgbà yẹn ni Misis Oyèṣọlá jáde síwájú. Kò pariwo. Ohùn tó máa ń fi bá àwọn ọmọ kékeré sọ̀rọ̀ ló lò.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ rántí ọmọ màlúù kan tó sọnù?"

Ọnárébù rántí. Ó mi orí.

"Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni Ìdùnnú jìn sí gọ́tà. Mo kọ̀wé sí yín, omi gọ́tà ò tí ì gbẹ lára aṣọ mi. Wọ́n ní ẹ wà nínú ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ mi. Abẹ́ ibẹ̀ gan-an lẹ ti ń wá ẹni tó máa gba ọmọ màlúù sílé, pé ó ń sunkún."

Ọnárébù rọra gbé tòmátì tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ojú tì í. Mo ní ojú tì í o, kì í ṣe pé wọ́n dójú tì í. Ìyẹn ti ṣẹlẹ̀ sí i tẹ́lẹ̀, kò sì dùn ún tó báyìí. Bàbá Sàká kò bú u. Ó kàn na ọwọ́ kí wọ́n fa òun lọ sídìí ọkọ̀.

Wọ́n fi gbogbo rẹ̀ hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ọ̀rẹ́ orí Fesibúùkù bẹ̀rẹ̀ sí í re bí ewé ọ̀gbẹlẹ̀, ẹni tó fẹ́ gba ọmọ màlúù ló kọ́kọ́ lọ. Bánjí ti wà lẹ́nu ọ̀nà Fáṣínà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Fáṣínà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, Bánjí sì ń sọ fún un pé, "Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n dákẹ́, sà!"

Oṣù díẹ̀ ṣì kù kí Ọnárébù fi ipò sílẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì, ó yọ pákó lójú fèrèsé, ó sì fọwọ́ sí sìlábù. Ẹnjiníà káńsù ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní Ọjọ́ Ajé, bí ó ṣe ń mu tíì, Catherine bi í, "Jeff, gọ́tà yẹn, ṣé o tiẹ̀ ti rí i rí?"

Kò rí i rí.

"Lọ wò ó. Má mú ẹnikẹ́ni dání."

Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ọnárébù páàkì mọ́tò rẹ̀ sétí títì, ó rìn dé bèbè gọ́tà, ó dúró. Omi náà dúdú, ó ń sáré. Ó jìn ju bí ó ṣe rò lọ. Ó ń ro bí orí ọmọ ọdún mẹ́rin ṣe máa rí nínú rẹ̀ nígbà tí nǹkan kan fà á ní ṣòkòtò. Ọmọdébìnrin kan ni, ó gbé báàgì tó tóbi jù ú lọ kọ́ ẹ̀yìn, ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ já a sílẹ̀ lórí ọ̀kadà. Kò mọ Ìmọ́lẹ̀ Kòsọ́fẹ́. Àgbàlagbà tó dúró lẹ́bàá gọ́tà láàárọ̀, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló mọ̀ mọ́ ọn. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè.

Ọnárébù wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí Bánjí, kò sí kámẹ́rà. Ó gbé ọmọ náà, ó sì wọ inú omi. Omi kún bàtà rẹ̀, ó gun ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Ọmọ náà rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn gírígírí, ó di ojú, nítorí Ìdùnnú ni, ó sì mọ inú gọ́tà náà dáadáa. Ọnárébù sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu géètì.

"Ẹ ṣé, Uncle," Ìdùnnú wí, ó sì sáré wọlé.

Ọnárébù dúró bẹ́ẹ̀, omi ń ro lára rẹ̀. Kò sí oríkì nínú ìdúpẹ́ náà, síbẹ̀ ó wọ̀ ọ́ lára. Ó tún ohùn ṣe. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ó ti fẹ́ sọ̀rọ̀ ìwúrí.

Misis Oyèṣọlá ti yọ sẹ́nu géètì.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," ó wí. "Ó ku àwọn tó kù."

Ó wẹ̀yìn. Àwọn ọmọ ti tò sí òdìkejì gọ́tà láti iwájú mọ́tò rẹ̀ lọ, gbogbo wọn ti na ọwọ́ sókè. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀, ó padà sínú omi.